Igi Àgbọn Tó Gbé Màdáàmù Dé Àpáta

Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló kọ́kọ́ pè mí ní Àgànyìn, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ti ìhà Kútọnu wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà ni, mo kí wọn ní Faransé, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo wá kí wọn ní Yorùbá, Yorùbá Kétu tí ìyá mi fi tọ́ mi, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Háà! Àgànyìn yìí mà gbọ́ Yorùbá o!" Èmi ọmọ Kétu, tí àwọn baba ńlá mi ti Ilé-Ifẹ̀ jáde wá, ni ọmọdé kan ń yìn pé mo gbọ́ Yorùbá! Mo fẹ́ béèrè ẹni tó sọ ọ́. Mo wá rántí pé mo nílò iṣẹ́ náà, mo kọjú sí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Láàárín àwọn ọdún 1980 nìyẹn, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà. Mo ti kàwé tán ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ wa lódìkejì bọ́dà, mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, mo sì ti jókòó sílé ní Kétu fún odindi ọdún kan àtààbọ̀ nítorí pé ìjọba wa ò gba tíṣà kankan. Àgbàdo ni mo ń bá ìyá mi sá sóòrùn, tí mo ń lé adìyẹ kúrò lórí rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá tíṣà Faransé ní Ìbàdàn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́dà kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo rò pé ilé ni mo ń lọ.

Ẹ gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè ẹni máa ń ṣe èèyàn ní àlejò ju ibi tí wọn ò ti gbọ́ ọ lọ. Tí mo bá ra nǹkan ní Dùgbẹ̀, mi ò ní tíì sọ gbólóhùn kan tán tí ẹni tó ń tà á á fi gbójú sókè, á ní, "Níbo lẹ ti wá?" Àwọn náà ní tiwọn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí "sọ́ọ̀sì," àwọn fẹ́ lọ ra "isu," kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá. Yàrá kan ni mo gbà ní Àgbowó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí wọ́n ń fi Píjìn bára wọn jà láti àárọ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, àwọn aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa á wọ aṣọ funfun, wọ́n á kọjá láìwọ bàtà, wọ́n á kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ orúkọ bàbá mi. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi á fà sílé, màá wá dìde lọ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Màá ka Faransé sókè, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe kan, máàkì mẹ́rin fò lọ nínú ogún. Àṣìṣe márùn-ún, òdo. Kí táàmù àkọ́kọ́ tó dé ìdajì, òdo ti kún ìwé máàkì mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gba ogún nínú ogún, Fúnkẹ́, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ ní Bódìjà, tó kọ́ Faransé bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Ìyàlẹ́nu ni ọmọ náà jẹ́ fún mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan ní Faransé bóyá ó ti jẹun. Ó ṣe àtúnṣe gbólóhùn mi fún mi, kò sì sọ bóyá òun ti jẹun.

Màmá Prínsípà pè mí sí ọ́fíìsì wọn lẹ́yìn ìsinmi Kérésì. Ọmọ Ìbàdàn gidi ni wọ́n, wọ́n sanra, wọn kì í pariwo, ara gbogbo wa sì máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mísì, jókòó. Kí táàmù yìí tó parí, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta máa yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kíláàsì kẹrin. Bí àwọn tó yan Faransé ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mi ò lè máa sanwó oṣù fún tíṣà Faransé. Ó di kí o máa lọ sílé nìyẹn."

"Ẹni mélòó ló yàn án lọ́dún tó kọjá, mà?"

"Mẹ́rin. Méjì nínú wọn ló sì ṣèèṣì sàmì síbi tí kò yẹ."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Àgbàdo tí a sá sóòrùn ló ń bọ̀ wá sọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kejì mo bi àwọn ọmọ náà léèrè tààrà ìdí tí wọn ò fi fẹ́ Faransé. Sìkírátù ló dìde. Ìyá Sìkírátù ń ta ike àti abọ́ ní gáréèjì Challenge, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọba àwọn olódo nínú kíláàsì mi. Kò gba nǹkan mìíràn rí. Ó ní, "Mísì, ẹ má bínú o. Ta la fẹ́ bá sọ ọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a wí, àmọ́ ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Jókòó, Sìkírátù. Mi ò mọ̀ ọ́n." N kò tíì gbọ́ kí tíṣà kan sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó dà bíi pé àwọn náà ò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Challenge láti fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí Kútọnu ní lẹ́tà tí mo kọ sí ìyá mi. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń fi Faransé pariwo mọ́ kọ̀ńdọ́. Kọ̀ńdọ́ ń fi Yorùbá dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ròkè ju tirẹ̀ lọ, bí ẹni pé etí ló di obìnrin náà. Mo bá dá sí i. Obìnrin náà dì mọ́ mi! Ará Kútọnu ni, aṣọ ló ń tà, ó dé sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Challenge fún oṣù méjì. Eyín ń dùn ún. Dókítà eyín kan wà ní Ring Road tó ní kó máa wá rí òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kiri ọjà, kò lè máa sìn ín lọ. Ó ku Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Mo ń wò ó, mo sì ń gbọ́ ohùn Sìkírátù létí mi. Ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́ rèé.

Mo ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí àwọn ọmọ mi fi ọ̀nà hàn yín?"

Ó ní tí wọ́n bá lè gbé òun dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ewúrẹ́ pàápàá fi ọ̀nà han òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo sọ ìtàn rẹ̀ fún kíláàsì. Mo ní kálukú wọn máa kọ ìwé ojú kan sí Màdáàmù ní Faransé, bó ṣe máa dá lọ láti Challenge sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Ring Road. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á fa ìwé kan yọ láàárín gbogbo wọn láìwo orúkọ, ohun tí ìwé náà bá sọ ló máa ṣe. Mi ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí kì í mú kálàmù rí ń bi mí ohun tí à ń pe ìyànà ní Faransé. Ohun tí à ń pe "yà sọ́tùn-ún" ńkọ́? Ṣé obìnrin náà sanra? Ṣé ó lè rìn? Ta ni ọkọ rẹ̀? Bí a ṣe lo wákàtí kan láìsí ẹni tó sùn nìyẹn. Kí n tó jáde, mo kọ ohun tí mo máa ń kọ síbẹ̀ látẹ̀yìnwá sí ìsàlẹ̀ pátákó: Ẹ má ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, mi ò rò ó.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ìwé Fúnkẹ́ ni Màdáàmù fà yọ. Mo kà á, inú mi dùn: kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Àdéhùn èmi àti àwọn ọmọ ni pé èmi máa jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì láìjẹ́ kí Màdáàmù mọ̀, n kò sì gbọdọ̀ lanu. Àwọn ọmọ mẹ́fà, pẹ̀lú àṣẹ Màmá Prínsípà, ń dúró níwájú ilé dókítà.

A gbéra. Màdáàmù jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ìwé wà lọ́wọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ kejì. Mo ń retí pé á sọ̀ ní Ìdí-Àgbọn, níbi tí dókítà wà. Bọ́ọ̀sì dúró ní Ìdí-Àgbọn, èèyàn sọ̀, èèyàn wọlé. Màdáàmù yọrí sí fèrèsé, ó wòkè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá jókòó padà. Bọ́ọ̀sì lọ. Háà! Ahọ́n ń yún mi lẹ́nu. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi ò yá. A kúrò ní Ring Road, a lọ títí, Màdáàmù ń wo orí òrùlé ilé gbogbo bí ẹni tó ń wá ẹyẹ rẹ̀ tó sọnù. Àpáta, òpin ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà, la ti bá ara wa. Kọ̀ńdọ́ ní kí gbogbo èèyàn bọ́ọ́lẹ̀.

Màdáàmù yíjú padà, ó rí mi. "O ti wà níbí látàárọ̀?"

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún mi níwèé náà. Mo tún un kà, ìgbà yìí ni ojú mi là. Fúnkẹ́ ti túmọ̀ orúkọ ibùdókọ̀! Ó kọ ọ́ ní Faransé tó mọ́ tónítóní pé: "Kí ẹ sọ̀kalẹ̀ nísàlẹ̀ igi àgbọn." Kò sì sí igi àgbọn kankan ní Ìdí-Àgbọn. Mo bi àwọn àgbà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn náà ò bá a níbẹ̀.

Màdáàmù bú mi ní Faransé, ó bú mi ní Mínà tí í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ó tún padà sí Faransé. Ó ní, "Lọ́dọ̀ wa ní Kútọnu, tí wọ́n bá ní igi àgbọn, igi àgbọn máa ń wà níbẹ̀!" Eyín tún wá ń ro ó. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní gáréèjì Àpáta, àwọn tó ń tajà dúró wò wá. Nígbà tí a fi máa padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Fúnkẹ́ sì ń sunkún.

Mo dùbúlẹ̀ ní Àgbowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí. Mo ń rò ó pé gbogbo ìlú ló ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò wá àgbọn. Orúkọ lásán ni, òun ni wọ́n fi mọ ibẹ̀. Bóyá bí Àgànyìn tí wọ́n ń pè mí ṣe rí náà nìyẹn. Wọ́n kàn fi mọ ibi tí mo wà ni, wọn ò wo ìdí mi bóyá Àgànyìn wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé ó dùn mọ́ mi o. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bá ọmọ kankan jà lórí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kejì, Màdáàmù fa ìwé Sìkírátù. Àṣìṣe mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, mo ti fi bírò pupa kà á. Àmọ́ kò túmọ̀ Ìdí-Àgbọn. Lẹ́tà gàdàgbà ló fi kọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń pè é, ó ya ilé epo kan síwájú rẹ̀, ó kùn ún ní pupa, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní Faransé jákujàku pé: "Ìyá mi, ẹ rí ilé epo pupa, ẹ pariwo: Ó WÀ O." Bọ́ọ̀sì yọ sí ilé epo, Màdáàmù sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké e: "Ó wà o!" Àwọn èrò yíjú wò ó. Kọ̀ńdọ́ lu ara bọ́ọ̀sì, ó ní, "Ó wà ńbẹ̀ fún Màmá! Ẹ rọra sọ̀ o, Màmá." Ó sọ̀. Mo rí ojú obìnrin náà bó ṣe ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà dókítà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Ìbàdàn: ó bá kọ̀ńdọ́ sọ̀rọ̀, ó sì yé e.

Iṣẹ́ wá kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máàkì wọn? Mo gbé ìwé méjèèjì síwájú mi. Bí mo bá máàkì wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, Fúnkẹ́ tó gbé èèyàn dé Àpáta gba ogún, Sìkírátù tó gbé e débi tó ń lọ gba òdo. Irọ́ ńlá nìyẹn máa jẹ́, kò sì ṣeé ṣe fún mi láti pa á. Mo fún Sìkírátù ní mẹ́rìnlá, mo fún Fúnkẹ́ ní mẹ́jọ. Sìkírátù mú ìwé náà padà wá bá mi, ó ní mo ti ṣèèṣì kọ máàkì ẹlòmíì sí i.

Bàbá Fúnkẹ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ipò ńlá ni wọ́n wà níbi iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wọ kóòtù nínú ooru náà. Màmá Prínsípà pè mí, wọ́n tún ní kí Fúnkẹ́ náà wá.

"Mísì," bàbá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ìwé náà sí mi, "ẹ fi àṣìṣe kan hàn mí nínú ìwé yìí."

"Kò sí, sà."

"Kò sí. Ẹ wá fún un ní mẹ́jọ."

"Obìnrin náà dé Àpáta, sà."

"Mo ti gbọ́ ti Àpáta! Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ sọ fún àwọn ọmọ yìí tẹ́lẹ̀ pé bí obìnrin náà bá ṣe débẹ̀ lẹ ó fi máàkì? Kí lẹ kọ sí pátákó fún wọn?"

Fúnkẹ́ ló dáhùn, ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ pé ká má ṣe àṣìṣe, sà."

"Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀," bàbá náà wí. "Ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe. Nǹkan mìíràn lẹ wá fi dán an wò. Níbi iṣẹ́ wa, ìyànjẹ là ń pe ìyẹn."

Mo wo ojú Màmá Prínsípà, wọn ò ràn mí lọ́wọ́. Mo lè bá bàbá náà jiyàn, ẹnu ò kúkú wọ́n mi. Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn mí wọra. Iṣẹ́ tuntun ni mo gbé fún àwọn ọmọ, òfin àtijọ́ ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo jẹ̀bi, sà. Kì í ṣe Fúnkẹ́ ló kùnà, èmi ni. Mi ò ní ka máàkì yìí fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn máa tún un ṣe, wọ́n á sì kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ wò."

Bàbá náà ò retí ìyẹn. Wọ́n ti ká apá kóòtù wọn sókè fún ìjà. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde." Wọ́n mú fìlà wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yíjú padà, wọ́n wá sọ̀rọ̀ sí Màmá Prínsípà, wọn ò sọ ọ́ sí mi: "Bó ti wù kó rí, mà, Físíìsì ni Fúnkẹ́ máa ṣe. Mi ò rí ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi Faransé ṣe."

Mo kà á lórí ìka mi nígbà tí mo dé kíláàsì. Láti ìgbà tí Màdáàmù ti sọ̀ ní Ìdí-Àgbọn, mẹ́tàlá ti wá sọ fún mi pé àwọn máa yan Faransé. Fúnkẹ́ ò sí nínú wọn, bí kò bá sì yàn án, àwọn tó ń wo ìṣe rẹ̀ lè yí ọkàn padà.

Mo nu pátákó mọ́. Mo ní, "Kí ló yẹ ká wò nínú ìwé tí a kọ sí Màdáàmù? Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́." Ẹnì kan ní, ṣé ó débẹ̀? Mo kọ ọ́. Ẹnì kan ní, ṣé ó débẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni? Sìkírátù ní, "Ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí Màdáàmù sọ nínú bọ́ọ̀sì?" Ìjà ṣẹlẹ̀ lórí àṣìṣe: àwọn kan ní ká má wò ó rárá. Fúnkẹ́ dìde, ojú rẹ̀ ṣì wú. Ó ní, "Ká wo àṣìṣe tó lè gbé e lọ síbòmíì. Èyí tí kò lè gbé e lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ ká fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ká má yọ máàkì rẹ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà náà títí dòní, n kò rí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kankan tó là á yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, mo rí Fúnkẹ́ tó dúró ti Sìkírátù lẹ́nu géètì. Ó ní, "Jọ̀ọ́, mú mi lọ sí Challenge. Mi ò wọ bọ́ọ̀sì rí, mọ́tò bàbá mi ló máa ń gbé mi." Sìkírátù wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "O ò wọ bọ́ọ̀sì rí, o wá ń júwe ọ̀nà fún ìyá oníyàá!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ lọ.

Ọjọ́bọ̀ kẹta, èyí tó kẹ́yìn. Màdáàmù máa padà sí Kútọnu lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ò fa ìwé yọ mọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ti ọmọ tó gbé òun lọ sí Àpáta, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà kórìíra òun ni. Mo tún jókòó sẹ́yìn, mo tún pa ẹnu mọ́. Ohun tí Fúnkẹ́ kọ kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ìlà kẹta sọ pé: "Ẹ máa gbọ́ orúkọ kan tó ń jẹ́ Ìdí-Àgbọn. Ẹ má wá igi àgbọn o, kò sí. Èmi náà lọ wò ó." Màdáàmù ka ibẹ̀, ó fọwọ́ gbá itan rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí ilé epo pupa yọ, kò wo ìwé mọ́. "Ó wà o!"

Fúnkẹ́ ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Màdáàmù fa ọmọ náà mọ́ra, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ bí omi. Fúnkẹ́ náà ń dá a lóhùn, ó ń ṣi í sọ, kò sì dúró tún un ṣe. Mo bi í lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n jọ sọ. Ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá, ebi ń pa mí gan-an." Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí mọ́tò kan lódìkejì títì, bàbá kan wọ kóòtù, ó jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Kò sọ̀. Nígbà tí mo tún máa wò, mọ́tò náà ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù ìyan-ẹ̀kọ́ dé. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Màmá Prínsípà pè mí, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síwájú mi, wọ́n ní kí n kà á fúnra mi. Mẹ́tàlá. Mo wá rí ẹnì kan tí mi ò retí, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń jókòó sẹ́yìn. Mẹ́rìnlá. Fọ́ọ̀mù Fúnkẹ́ ló kù nísàlẹ̀. Fúnkẹ́ ti kọ Faransé sí i pẹ̀lú ọwọ́ rere rẹ̀ yẹn. Wọ́n ti fi íńkì dúdú fa igi lé e, wọ́n kọ Físíìsì sókè rẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀, kí n tó rí i pé wọ́n tún ti fa igi lé èyí tí wọ́n kọ sókè náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú íńkì dúdú kan náà, wọ́n kọ Faransé, ìwé ọwọ́ àgbà. Wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn méjèèjì sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n fa igi sí, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹlòmíì ló yí ìwé òun padà.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

"Mo ti kà á," Màmá Prínsípà wí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ní Sátidé mo lọ sí ilé fóònù ní Dùgbẹ̀. Oṣooṣù ni èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu láti àárọ̀, títí wọ́n á fi pè wọ́n pé Ìbàdàn ti dé. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní padà wálé, iṣẹ́ náà dúró, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yàn mí. Mo ń sáré sọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Wáyà ń hó ṣàà, mo gbé ohùn sókè.

"Ìyá mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni wọ́n wí, "ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ti gbà á lọ́wọ́ mi." Mo gbọ́ tí wọ́n fun imú. "Ó dáa. Kọ́ wọn dáadáa o."